Ohùn Tí Báńkì Òkè Òkun Mọ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òtútù ti dé sí Mitchellville ní Amẹ́ríkà níbí, ewé ti bo iwájú gáráàjì, kò sì sẹ́ni tó ń gbá a bí ẹ ṣe máa ń gbá a nígbà tí ẹ bá wá kí wa. Mo ṣì máa ń rántí bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Owó tí ẹ fi sí báńkì erékùṣù òkè òkun yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ. N kò bá yín jà. Nígbà tí náírà ń já wálẹ̀, tí àwọn báńkì ilé ń kógbá wọlé pẹ̀lú owó onówó, dọ́là yín wà níbẹ̀ láìmira. Òun ni mo fi kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìjọba ológun ò lè fọwọ́ kàn án. Àṣé àwa ọmọ yín náà ò ní lè fọwọ́ kàn án. Àwọn ará báńkì yẹn ò rí ojú yín rí. Ohùn yín lórí fóònù ni wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn tí a sin yín ní Ìbàdàn, lọ́yà sọ pé a gbọ́dọ̀ gba ìwé kóòtù, ká tún gba lọ́yà mìíràn lọ́hùn-ún, ó sì máa pẹ́. Bẹ́ẹ̀ Màmá nílò iṣẹ́ abẹ ojú. Kí ló dé tí ẹ ò fi orúkọ wọn kún tiyín?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, mo ti ọsibítù dé, ó ti rẹ̀ mí. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ ohùn yín ní bésímẹ́ńtì lábẹ́ ilé. Ẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá ní, "Good afternoon, my dear." Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ kú ilé, sà."

Ṣẹ́gun àbúrò mi ló yíjú padà, fóònù wà létí rẹ̀. Báńkì ò tíì mọ̀ pé ẹ ti kú, ó sì ń fi ohùn yín dá wọn lóhùn. Mo na ọwọ́, mo tẹ fóònù náà pa.

"Sister, kí ló dé? They believed me! Ojú Màmá ni mò ń wá owó sí!"

"Wọn á tì ẹ́ mọ́lé! Fi Bàbá sílẹ̀, jọ̀ọ́."

"Mo ti fi wọ́n sílẹ̀."

Ṣùgbọ́n ohùn yín ló fi sọ ọ́. Bàbá, ohùn tirẹ̀ kò tíì padà títí di òní. Dókítà yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní New Carrollton, kì í lanu àfi tó bá di dandan.

A gba ọ̀nà kóòtù. Ó pẹ́, àwọn lọ́yà sì jẹ nínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n owó náà jáde. Wọ́n ti ṣe ojú Màmá, wọ́n ń ríran kedere.

Lọ́jọ́ Sunday kan ni Màmá pè láti Ìbàdàn. Ṣẹ́gun gbàgbé pé ohùn yín ló wà lẹ́nu òun, ó gbé fóònù.

"Hẹ́lò?"

Mo gbọ́ Màmá nínú fóònù, ohùn wọn rọ̀ bí ti ìyàwó ojú ọ̀nà: "Olówó orí mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ṣẹ́gun wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó lanu láti sọ pé òun Ṣẹ́gun ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ó pè wọ́n ní orúkọ kan tí èmi àti òun ò gbọ́ rí láyé wa.

Màmá sì jẹ́ ẹ.

Bàbá, ta ló pè wọ́n?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ̀rù sì ń bà.