Máàkì Méjìlá Tí O Fún Mi

Tíṣà, ọmọ mi obìnrin,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ojú rẹ tó máa ń ro ọ́ nídìí kọ̀ǹpútà? Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́ ọ, àwọn ọ̀gá rẹ ò ní fojú burúkú wò ọ́. Àlàáfíà la wà. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀, òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ṣì ń jò sórí pákó, mo ti fi ọ̀rá bò ó. Èmi nìkan ni ọkàn mi ò balẹ̀, ìwọ lo sì fà á.

Ṣé o rántí ìgbà tí o wá sílé, tí o ní kí n yá ọ ní orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi? O ní o ń ṣètò ibi tí wàá máa kó máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ sí lórí kọ̀ǹpútà, o sì fẹ́ fi ẹnì kan dán an wò kí àwọn gidi tó wọlé. Mo rò pé wàá kàn kọ orúkọ náà sílẹ̀ ni. Àfi bí fóònù ṣe dún lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti inú kọ̀ǹpútà rẹ, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ kà á fún mi pé mo gba méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò. Ìṣirò, ọmọ mi. Èmi tí mo ti ń wọn pákó láti ogójì ọdún, tí ilẹ̀kùn mi kan ò há rí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́.

Nígbà tó di Túsídè, òmíràn tún dé, pé n kò fi iṣẹ́ kejì ránṣẹ́, òdo ni mo gbà. Ta ló fún mi níṣẹ́? Mo yáa jókòó, mo ṣírò iye pákó tó máa wọ ilẹ̀kùn mẹ́fà, mo fi í sínú lẹ́tà yìí. Mo kọ bí mo ṣe ṣe é sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má bàa ní mo jí i wò.

Ti àná ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà máa yọ máàkì tó bá kéré jù dànù. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ní òdo yẹn ni wọ́n fẹ́ yọ, pé oore ni wọ́n ṣe fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ta ló tún kéré jù mí lọ níbẹ̀?

Kíláàsì kẹta ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, tí wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé. Lọ́jọ́ kejì mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo gbọ́ bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ, ó fo tèmi. Láti ìgbà náà, orúkọ mi ò wọ rẹ́jísítà kankan, àfi èyí tí o kọ.

Ibi yìí nínú lẹ́tà ni mo máa ń béèrè owó. Lóṣù yìí, fi owó rẹ sápò, máàkì ni kí o fi ránṣẹ́, ogún péré ti tó mi. Bí kò bá sì sí, jẹ́ kí méjìlá náà wà níbẹ̀, ṣáà má pa orúkọ mi rẹ́ nígbà tí àwọn gidi bá dé. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà fi ọ́ yangàn.

Èmi ni bàbá rẹ,
akẹ́kọ̀ọ́ rẹ.