Àmì pupa tí mo fi dẹ pàkúté fún àbúrò ìyàwó mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, Pobè ò tóbi, bí mo bá ti sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìdajì ọjà á ti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀... Mi ò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí fún ẹnikẹ́ni, ìyá àwọn ọmọ mi pàápàá ò mọ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á kẹ́ ẹ tó bú mi.

Rédíò àti tẹlifísọ̀n ni mò ń tún ṣe látijọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ lọ sí ilé ìwé lẹ́kọ́ọ̀lù, tó ń gbé ní Faransé báyìí, ló fi iṣẹ́ mìíràn lé mi lọ́wọ́. Àwọn òyìnbó ní ẹ̀rọ ìṣeré àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní flípẹ̀. Ó dà bíi tábìlì tí wọ́n fi dígí bò, bọ́ọ̀lù irin kan á máa sáré nínú ẹ̀, ẹni tó ń ṣeré á máa fi apá kékeré méjì gbá a padà, nọ́ńbà tó bá jẹ á sì máa tàn lókè. Ohun tó ń tan nọ́ńbà yẹn ló máa ń kú, wọn ò sì ṣe irú ẹ̀ mọ́. Èmi wá ń fi iná LED ṣe èyí tí wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ ni, a ó to iná sí i, a ó fi òjé gbígbóná lẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, a ó kó o sínú páálí pẹ̀lú wáyà rẹ̀, ó di Àjàṣẹ́, ó di Kùtọnu, ó di òkè òkun. Ẹni tó rà á á tò ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Èmi fúnra mi ò rí flípẹ̀ rí lójú, àfi nínú fídíò.

Àbúrò ìyàwó mi la jọ ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìdòwú, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó kọ́ iṣẹ́ iná ní Àjàṣẹ́, Sakété ló ń gbé, ọ̀kadà tá à ń pè ní zémìjàn ló máa ń gùn wá bá mi. Òun ló ya pátákó náà sórí kọ̀mpútà, èmi ò mọ kọ̀mpútà. Fòfó ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí. Èmi á lẹ ìdajì, òun á lẹ ìdajì.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ padà. Ọ̀rẹ́ mi ní bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó, á tàn dáadáa, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti ń kọlu ara ẹ̀rọ tó ń mì, ìlà kan á kú nínú nọ́ńbà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ìlà àárín bá kú lára mẹ́jọ, òdo ló dà. Ẹni tó jẹ mẹ́jọ rí òdo! Ó ní kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Pobè? Kí ni mo fẹ́ sọ? Gbogbo ẹ̀ ni mo tàn wò kó tó kúrò lọ́wọ́ mi, gbogbo ẹ̀ ló tàn. Ta ló wá ń fọwọ́ kàn án lẹ́yìn mi?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Ìdòwú nìyẹn. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, á jáde. Bí mo bá wọlé lójijì, á da pátákó ọwọ́ rẹ̀ dojú délẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá ń sọ lọ́jọ́ kan pé Ìdòwú kí òun... Mo ní, ó kí ọ báwo? Ta ló fún un ní nọ́ńbà rẹ? Lọ́jọ́ kan mo lọ bá wọn sìnkú ní Ita-Djèbou, òjò lé wa, mo tètè padà. Mo bá a nínú àtẹlíẹ̀, yàrá iṣẹ́ wa, irin gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, pátákó tí èmi ti lẹ parí, tí mo ti fi bébà wé, ló tú síwájú. Ó ta gìrì. Ó ní òun kàn ń wò ó ni. Ẹ gbọ́ o, ṣé irin gbígbóná ni wọ́n fi ń wo nǹkan? Mo bá sọ lọ́kàn ara mi pé ó ti yé mi. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ mi bàjẹ́ lójú ọ̀rẹ́ mi kí wọ́n lè gbé e fún òun. Àwòrán wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọgbọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù?

 Mo mú ọ̀dà èékánná pupa ìyàwó mi, mo ń kán ẹ̀kán kan sábẹ́ gbogbo pátákó tí Ìdòwú bá lẹ, níbi tí kò lè hàn. Tèmi, mi ò kán nǹkan sí i. Mo ní èyí tí wọ́n bá dá padà ló máa jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró de ẹ̀rí. Lọ́jọ́ ọjà kan, níwájú àtẹlíẹ̀, ó gbé pátákó mi kan sún mọ́ ojú, ó ń fi ìka tọ ìdí rẹ̀, mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀, mo pè é ní olè, àwọn oní-zémìjàn dúró, àwọn tó ń ta gàrí dìde wá wòran. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Fòfó, ẹ jẹ́ ká wọlé ká sọ ọ́." Mo ní kí ló wà nínú ilé tí a ò lè sọ níta? Mo ju báàgì rẹ̀ sójú títì. Ọ̀rọ̀ náà dé Sakété ṣáájú rẹ̀. Àwọn òbí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ní Ita-Djèbou ní àwọn ò lè fi ọmọ fún ẹni tó ń ba iṣẹ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọlí dé, ẹrù láti òkè òkun, pátákó mẹ́fà tí wọ́n dá padà ló wà nínú rẹ̀. Mo tilẹ̀kùn, inú mi ń dùn, mo ti mú fóònù dání kí n fi ya àwòrán àmì pupa. Mo yí àkọ́kọ́ padà, kò sí. Ìkejì, kò sí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí. Mo ní bóyá ọ̀dà ti ṣí. Mo gbé ọ̀kan tí Ìdòwú lẹ, tó ṣì wà nílé, mo fi èékánná ha á, kò ṣí! Síbẹ̀ mo ṣì ń rò pé ó ti rí àmì náà, tèmi ló wá ń bàjẹ́... Ẹ wo ọkàn mi!

Lọ́jọ́ kejì mo ra awò ojú lọ́wọ́ obìnrin ará Nàìjíríà kan lọ́jà, mo ní ẹnì kan ló rán mi. Mo fi wo pátákó mi. Háà. Òjé tí mo lẹ kàn jókòó lásán ni, kò gbá ẹsẹ̀ iná mú. Ó ti pẹ́ tí ojú mi ò rí nǹkan kékeré dáadáa, mi ò kàn fẹ́ gbà ni. Láàárín àwọn tó jókòó lásán yẹn, mo rí àwọn kan tó roboto, tó ń dán... lórí pátákó tèmi. Mo mọ ọwọ́ Ìdòwú bí ẹni mọ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀. Ó ń tún iṣẹ́ mi ṣe tí mi ò bá sí nílé. Ohun tó ń fi irin ṣe lọ́jọ́ òjò nìyẹn. Ohun tó fẹ́ ká wọlé sọ nìyẹn, kí àwọn oní-zémìjàn má bàa gbọ́ pé ojú Fòfó ò ríran mọ́.

Ǹjẹ́ mo sáré lọ sí Sakété? Rárá o. Mo ju pátákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ṣáláńgá. Mo kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi pé ẹni tó ń bà á jẹ́ ti lọ. Oṣù kẹta rèé. Awò ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ní eruku ló ń dà mí láàmú, wọn ò dá nǹkan kan padà mọ́... gbogbo ènìyàn wá ń sọ pé ẹ ò rí i, àtìgbà tí Ìdòwú ti lọ ni iṣẹ́ ti dára! Ìyàwó mi tó ti ń gbèjà àbúrò rẹ̀ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé èmi ni mo jàre. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Èyí tó mú mi kọ̀wé rèé. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà ilé wọn ń mú Ìdòwú bọ̀ wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní bí mo bá dárí jì í, àwọn ará Ita-Djèbou lè padà fún un ní ọmọ wọn. Wọ́n ní ó ti gbà láti wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó gbà báwo? Òun tó mọ̀ pé òun ò ṣe é? Àbí ó fẹ́ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn ni? Ṣé ó mọ̀ pé mo ti mọ̀? Ẹ ò rí i, mo ṣì ń fura sí i!

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ ọ́, kì í ṣe ojú mi nìkan ni wọ́n máa gbọ́, wọ́n á gbọ́ pé mo parọ́ fún oṣù mẹ́ta, bóyá iṣẹ́ á lọ, bóyá ìyàwó á lọ. Ṣé kí n lọ bá a ní Sakété lọ́la, èmi àti òun nìkan? Àbí ìta tí mo ti bú u ló yẹ kí n ti sọ ọ́? Adìyẹ tí wọ́n máa pa fún àwọn àlejò ti wà lórí ìso lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ Jímọ̀ la wà yìí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé kí n jókòó sórí àga kí n sì máa wo Ìdòwú títí àyà rẹ̀ á fi kan ilẹ̀ níwájú mi?