Alhaja Bíllíkísù Zàíd, Ìyá Onírùmáánì ti Òdòlú

Wọ́n ní kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwo náà… Wọ́n ní pupa ni omi inú rẹ̀, pupa bíi… ẹ kúkú mọ̀ ọ́n… Wọ́n ní ìyàwó ọmọ ló gbé e wá, ọmọ Ìyàrá yẹn, èyí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì… Kò tọ́ ọ wò, wọ́n ní kò tiẹ̀ fi ẹnu kàn án… Wọ́n ní kí Alhaja tó dákẹ́, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Gbé e kúrò níwájú mi”… Ta ni í sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ? Ẹ sáà máa wò ó…

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ bá ẹbí pé jọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí. Ó ti dé Iffe, ó ti dé Ekinrin-Adde, ó sì ti padà sí Kàbà pẹ̀lú ìrù tí kò ní nígbà tó ń lọ. Ẹbí kò ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ikú kọ́ ni Alhaja bẹ̀rẹ̀ ayé wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àdúgbò Òdòlú ní Kàbà ni a bí Alhaja Bíllíkísù sí ní ọdún 1949. Àlùfáà Sùnmọ́nù ni bàbá wọn, àgbẹ̀ oníṣu tó tún máa ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Sàlámátù ni ìyá wọn, ọmọ bíbí Iffe, ẹni tí irú rẹ̀ kì í pẹ́ tán lórí àtẹ. Alhaja ni àkọ́bí. Alhaji Ràsákì ló tẹ̀ lé wọn, ó sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé nínú àwọn ọmọ ìyá wọn.

Ilé kéwú ni Alhaja kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ṣe ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí iṣẹ́ oko tó fà wọ́n kúrò níbẹ̀. Títí di ọjọ́ ogbó, wọ́n ń ka ohun tí a kọ sára páálí mágí sókè ketekete kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀, bí ẹni pé àwọn tó ṣe mágí lè ti yí nǹkan padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Alhaja kì í fọkàn tán ohun tí wọn kò bá fi ojú ara wọn rí.

Ní ọdún 1968, wọ́n fẹ́ Alhaji Zàíd, oníṣòwò tó ń fi ọkọ̀ kó iṣu Kàbà lọ sí Màídúgùrì. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé lọ, ibẹ̀ sì ni Alhaja ti mọ rùmáánì. Èso náà ni àwọn tó ń ka Bíbélì ń pè ní pómégíránétì. Ó tó ọsàn ńlá, èèpo rẹ̀ le bí awọ, orí rẹ̀ yọ bí adé kékeré, hóró wẹ́wẹ́ pupa tó kún fún omi ló sì wà nínú rẹ̀. Obìnrin Ṣúwà kan, ọmọ Lárúbáwá ibẹ̀, tó ń jẹ́ Nàíìmà, tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ló kọ́ wọn bí a ṣe ń jẹ ẹ́. A ó gé adé orí rẹ̀ kúrò, a ó fi ọ̀bẹ fa ìlà sí èèpo rẹ̀ yíká, a ó wá ya á sínú ọpọ́n omi. Awọ funfun inú rẹ̀ yóò léfòó, hóró yóò rì sísàlẹ̀. Bí ènìyàn bá wá bu hóró náà sẹ́nu, tó fi eyín tẹ̀ ẹ́, dídùn yóò kọ́kọ́ jáde, kíkan yóò sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nàíìmà kọ́ wọn ní òfin kan mọ́ ọn. Ó ní hóró kan nínú rùmáánì kọ̀ọ̀kan, láti àlùjánnà ló ti wá, ẹnikẹ́ni kò sì mọ èwo ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó jẹ odidi, kó má sì jẹ́ kí ọ̀kankan bọ́ sílẹ̀. Alhaja di òfin yìí mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú lọ́jà. Òun náà ló sì kó wọn sí gbogbo wàhálà tí wọ́n rí ní Kàbà.

Nígbà tí wọ́n padà wá sílé ní ọdún 1983, wọ́n gbé irúgbìn rùmáánì kan tó ti hù wá nínú agolo mílíìkì, wọ́n sì gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá ọkọ wọn, Iye Àwáwù, dúró tì í, ó ń wo ewé rẹ̀.

“Bíllíkísù, kí nìyẹn?”

“Igi eléso ni, Iye.”

“Èso wo? Èyí tí Ọlọ́run dá sí Kàbà kò tó ọ jẹ?”

Nígbà tí igi náà so, Iye Àwáwù bá wọn lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n kọjú sí ògiri, ọwọ́ wọn pupa dé ọrùn ọwọ́.

“Okun o,” ni Iye fi kí wọn. “Ẹ̀jẹ̀ kí nìyẹn?”

“Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, Iye. Èso ni. Ẹ gba odidi kan.”

“Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fún mi.”

“Kò ṣe é tọ́ wò fún ẹlòmíràn, Iye. Bí mo bá jẹ nínú rẹ̀, tèmi ni.”

Ẹ̀yin ọmọ Kàbà, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn dún bí létí ìyá ọkọ. Omi lásán, bí a bá bu ú fún àlejò nílẹ̀ yìí, a ó kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Obìnrin kan wá dé láti òkè Hausa, ó ń gbé èso pupa fún ènìyàn, kò tọ́ ọ wò, kò sì jẹ́ kí a fọwọ́ kan ti ọwọ́ rẹ̀! Láti ọjọ́ náà ni Iye Àwáwù ti ń gbé ìkòkò omi tirẹ̀ wọ yàrá, tó sì ń tì í mọ́lé.

Ọbẹ̀ ló tú wọn sílẹ̀ díẹ̀. Nàíìmà ti sọ pé èyí tí a bá ti gbé kaná, òfin kò mú un mọ́. Alhaja a fún omi rùmáánì sínú ìkòkò, wọn a sè é wọ́ọ́wọ́ọ́ títí yóò fi ki bí oyin, yóò sì dúdú. Wọn a wá dà á sórí ẹran ẹtù tí a ti fi àlùbọ́sà, ata àti irú Iffe sè. Ọbẹ̀ náà a máa dán lórí iyán. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e fún Iye Àwáwù, Alhaja tọ́ ọ wò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Iye ní kí wọ́n tún tọ́ ọ wò, wọ́n tún tọ́ ọ wò. Iye wá bu òkèlè. Ó lá àwo, ó lá ìka, ó sì na àwo padà.

“Mo ṣì ń fura sí ọ o,” ni ó wí. “Bù sí i.”

Ọbẹ̀ yìí ni Alhaja fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ìsọ̀ iyán wọn nítòsí ibùdókọ̀ kò kọ́kọ́ rí oníbàárà, nítorí àwọn ènìyàn ní àwọ̀ ọbẹ̀ náà kò mọ́ àwọn lójú. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Kàdúná ló mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé rí i pé àwọn awakọ̀ kò kú, àwọn náà wá. Ní oṣù ààwẹ̀, omi rùmáánì tí wọ́n ti sè ni Alhaja ń dà sórí fùrá, ohun mímu ọkà àwọn Hausa, tí wọ́n ń gbé lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìṣínu. Wọ́n ń sá èèpo rẹ̀, wọ́n ń gún un, wọ́n sì ń fún àwọn abiyamọ tí ọmọ wọn ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru. Irúgbìn tí wọ́n fún àwọn ènìyàn Ifẹ̀-Olúkòtún ti di igi lónìí. Alhaja lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2004, wọ́n sì jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àsàlátù obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Alhaji Zàíd kú ní ọdún 1999 lẹ́yìn àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru. Rùmáánì wà lára ohun tí ó jẹ kẹ́yìn. Ẹnu kún ẹnu nígbà náà pẹ̀lú, àwọn kan tiẹ̀ gbé àdá wá síbi igi náà. Alhaja kò bá wọn jà. Wọ́n já èso kan, wọ́n jókòó sídìí igi náà níwájú àwọn aládàá, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní, “Ẹ padà wá lọ́la kí ẹ wá wò bóyá mo ti kú.” Àwọn aládàá kò padà wá.

Ní ọdún 2009, Bìláàlì, àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lókòjà, fẹ́ Florence, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah ti Ìyàrá. Ẹbí kò ní fi pamọ́ pé Alhaja fura sí Florence gan-an. Fún ìgbà pípẹ́, wọn kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ àfi bí ó bá tọ́ ọ wò lójú wọn. Florence náà ń fura. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un ní Ìyàrá pé kó má jẹ ohun tí ìyá ọkọ kò bá kọ́kọ́ fi sẹ́nu. Ọjọ́ wá dé tí Alhaja gbé odidi rùmáánì kan lé e lọ́wọ́, tí wọ́n ní, “Jẹ ẹ́,” tí wọn kò sì tọ́ ọ wò. Florence wo èso, ó wo ojú Alhaja, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó jẹ ẹ́ ní hóró kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì.

“O ń gbàdúrà lé e lórí,” ni Alhaja wí. “Mo ń rí ẹnu rẹ.”

“Ẹ má bínú, Iye.”

“Èwo ni ká máa bínú? Gbà á dáadáa. Èmi náà gbà á lórí ìrẹsì tí o sè lánàá.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín dé ibi pé omi rùmáánì ta sí aṣọ funfun Florence. Kò jáde mọ́ lára aṣọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, Florence ni Alhaja kọ́ ní gbogbo rẹ̀: bí a ṣe ń mọ èyí tó pọ́n nípa wíwúwo rẹ̀ lọ́wọ́, àti bí a ṣe ń yẹra fún ìkòkò irin, kí omi rẹ̀ má baà korò.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé ní ọdún yìí, Alhaja kọ iyán, wọ́n kọ ẹ̀kọ, wọ́n ní rùmáánì ni ẹnu wọn ń fẹ́. Florence já a, ó ya á sínú omi, ó sì ń fi ṣíbí bù ú fún wọn. Alhaji Ràsákì jókòó sí igun yàrá, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Hajia Qúdrát, àbúrò olóògbé Alhaji Zàíd, wọlé wá kí wọn, ó sì na ọwọ́ sí àwo.

“Fún mi ní díẹ̀, ọ̀fun mi gbẹ.”

Florence fi ọwọ́ bo àwo. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ti Iye nìkan ni. Mo lè já òmíràn fún yín.”

“Ìwọ náà tọ́ ọ wò?”

“Rárá, mà. Kò ṣe é tọ́ wò.”

Hajia Qúdrát dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ tí Alhaja ní, “Gbé e kúrò níwájú mi.” Kò dúró mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Alhaja dákẹ́, kí oòrùn sì tó wọ̀ a ti sin wọ́n ní ìlànà ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ Hajia Qúdrát ti ṣáájú òkú dé ibojì.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹta, Hajia Qúdrát ní kí ẹbí má ṣe tẹ orúkọ Florence sínú ìwé ìrántí yìí. Ó ní a kì í ka ẹni tó pa ènìyàn mọ́ àwọn tí ènìyàn fi sílẹ̀. Àwọn kan mi orí. Florence sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí a ń fura sí? Bìláàlì ní òun kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Síbẹ̀, láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì fi ọwọ́ kan oúnjẹ ìyàwó rẹ̀. Búrẹ́dì ló ń rà jẹ. Florence ń sè é lójoojúmọ́, ó ń tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, ó sì ń gbé e padà. Ní ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀.

Alhaji Ràsákì kò sí ní Kàbà ní gbogbo ìgbà yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Iffe. Múínátù, àbígbẹ̀yìn Alhaja, ló rántí pé bàbá wà nínú yàrá náà. Ó gba ọkọ̀ lọ mú un wá. Bàbá jókòó sáàárín ẹbí, ó gbọ́ ẹjọ́ náà dópin, ó sì sọ ohun tó mọ̀. Nítorí ohun tó sọ ni àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí fi pé.

Alhaja Bíllíkísù fi àbúrò sílẹ̀: Alhaji Ràsákì. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀: Bìláàlì àti Múínátù. Wọ́n fi ìyàwó ọmọ sílẹ̀: Florence, ọmọ Hezekiah, tí ọbẹ̀ ẹtù tí ẹ ó jẹ lónìí ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Wọ́n fi àwọn ọmọ-ọmọ sílẹ̀: Àdúràọlá, Fisáyọ̀ àti Sarah. Bìláàlì ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ náà wò lójú gbogbo yín. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún un.

Iye, ẹ sinmi. Kí Ọlọ́run fẹ ibojì yín, kí ó dárí àṣìṣe yín jì yín, kí ó sì fi yín sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń fura sí ẹnikẹ́ni. Ẹ sùn ire.

Kí ẹnikẹ́ni má baà tún máa gbé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kiri, ẹbí tẹ ohun tí bàbá sọ síhìn-ín bí ó ti sọ ọ́. Hajia Qúdrát ló bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnu wọn kọ́ ló ti jáde ni?”

Alhaji Ràsákì dáhùn pé, “Ẹnu wọn ló ti jáde. Ìwọ ni kò dúró gbọ́ ọ tán. Èmi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, ‘Gbé e kúrò níwájú mi, Florence, mo ti yó. Ó ku díẹ̀ níbẹ̀. Jẹ ẹ́. Ìyá Zàíd bẹ̀ mí nínú tèmi, mi ò fún un. Ọkọ mi bẹ̀ mí, mi ò fún un. Ìwọ, jẹ ẹ́. Bí ti àlùjánnà bá wà nínú èyí tó kù, tìrẹ ni.’”