Orí Ọkọ̀ Ló Wà Lẹ́yìn

Ọmọ mi, mo ti lọ síbi iṣẹ́. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò, má sọ pé o ò rí i.

Láàárọ̀ yìí, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ẹ tí wọ́n jọ máa ń fi fọ́tò ọkọ̀ ojú irin ìṣeré ránṣẹ́ síra wọn tún ń béèrè rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ láti sọ pé a ti sin ín. Ni mo bá to ọkọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Inú wọn dùn: "Ọ̀gá, ojú yín rèé!"

Àfi ẹnì kan. Ó ní, "Ọ̀gá wa kì í gbé orí ọkọ̀ tó ń fa ìyókù sẹ́yìn. Ta ló wà nídìí fóònù yìí?"

Jọ̀ọ́, bá mi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé orí ọkọ̀ náà síwájú. Bàbá ẹ ò ní fẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.