Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ògiri Wa

                                        Ilé tí èmi àtìwọ jọ kọ́,
                                        Ojúlé kẹrìnlá, ẹ̀yìn ojú irin.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Kòwọ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Má ya lẹ́tà yìí. Ẹni yòówù tó bá ń kà á fún ọ, kó jókòó, kó kà á sókè, kó má fo ọ̀rọ̀ kankan. Èmi ni. Bóyá o ti rò pé mo ti kú. Bó bá sì jẹ́ pé o ti gbàdúrà pé kí n kú, mi ò ní bá ọ jà sí i.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, àtàwọn ọmọ ọmọ tí mi ò tíì fojú rí? Mo gbọ́ pé orúnkún ń dùn ọ́. Tèmi náà ń dùn mí. Àkàbà tí a gùn nígbà èwe ló ń gbẹ̀san lára wa báyìí. Ojú mi ṣì ń ríran dáadáa, etí nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Àbígbẹ̀yìn mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ọmọbìnrin tó máa ń gbé omi mímu wá bá wa níbi iṣẹ́, tí o máa ń pè ní ọ̀gá àwọn bíríkìlà. Ó ní kí n rọra máa sọ̀rọ̀, pé ọwọ́ òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ní kó kọ ìyẹn náà sí i.

Kí n tètè sọ ohun tí mo wá sọ kí ojú tó tì mí. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn tí ògiri yàrá ẹ̀yìn wó lu ìyá àwọn ọmọ mi, kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí a sin ín tí mo fi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Lójú gbogbo àdúgbò ni mo ti ní ìwọ lo pa á. Mo ní o dín sìmẹ́ńtì kù, o fi yanrìn dí i. O ò bú mi padà. Ohun tí o sọ kò ju ẹyọ kan lọ: “Ọ̀rẹ́ mi, ògiri yẹn kò wọ́ nígbà tí mo kúrò nídìí rẹ̀.” Mo tutọ́ sílẹ̀, mo yí ẹ̀yìn padà. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó pè ọ́ síṣẹ́ mọ́ lágbègbè yìí, títí o fi kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Mo ti fi ojú ara mi rí i pé irọ́ ni, bí mo sì ṣe rí i ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ.

Ṣé o rántí bàálù kan tó máa ń fò lókè ìlú yìí nígbà tí a ṣì ń kọ́ṣẹ́? Á lọ, á bọ̀, á tún lọ, bí ẹni ń kọ ebè. Ìwọ lo ní awakọ̀ rẹ̀ ti ṣìnà, ojú ló ń tì í láti béèrè. Kò ṣìnà o. Fọ́tò ló ń yà. Ó ya gbogbo ilẹ̀ yìí pátá kí ìdajì àwọn ilé tó wà níbẹ̀ tó dé. Inú páálí ni àwọn fọ́tò náà wà láti ọjọ́ yìí, ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ tí ọmọ mi tó ń kọ lẹ́tà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ní báyìí wọ́n ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ nọ́ńbà àti ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n sì ń so ó mọ́ ojú ibi tí wọ́n ti yà á gan-an, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀ kan jẹ́ látijọ́ lè rí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ikán ti jẹ ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe tò ó. Ni wọ́n bá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mú àgbàlagbà wá, ẹni tó mọ ìlú yìí kó tó di báyìí.

Mo kọ̀. Mo ní kí ni èmi tí mi ò mọ lẹ́tà A yàtọ̀ sí àkàbà fẹ́ wá ṣe ní ọ́fíìsì. Ọmọ yìí wò mí, ó ní, “Bàbá, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra yín fún ọdún mọ́kànlá. Ó tó gẹ́ẹ́.” Ẹnu rẹ̀ mú bíi ti ìyá rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e kí n lè ní ìsinmi.

Yàrá gígùn kan ni, wọ́n fa aṣọ bo gbogbo fèrèsé kí oòrùn má baà ba fọ́tò jẹ́. Wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́ funfun. Èmi, ìbọ̀wọ́! Ọwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti jẹ fún ogójì ọdún. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ṣì há mi lọ́wọ́ bíi ṣòkòtò ọmọdé. Ọ̀gá wọn jẹ́ obìnrin kan tó so awò ojú kọ́ ọrùn, èèyàn jẹ́jẹ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Kọ̀ǹpútà. Òun kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́.

Wọ́n to fọ́tò sórí tábìlì ní ìlà-ìlà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ tó búlọ́ọ̀kù kan. Ọ̀gá ṣàlàyé pé ó ju ìdajì fọ́tò kan lọ tí èyí tó tẹ̀ lé e máa ń tún yà, àti pé ìlà kan máa ń gun ìlà kejì létí. Mo ní mo ti gbọ́, ògiri náà ni. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa sán. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé ìlà kejì, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo rí táǹkì omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, èyí tí àwa méjèèjì fi oṣù kan ṣe ìdí rẹ̀. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ ní ìlà kìíní. Mo béèrè pé kí ló wá ṣe níbí yìí. Ọ̀gbẹ́ni Kọ̀ǹpútà ní táǹkì kejì nìyẹn, òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìlú yìí kò ní táǹkì méjì rí.

“Bàbá, nọ́ńbà wọn la tẹ̀ lé, kọ̀ǹpútà sì ti gbà á.”

“Kọ̀ǹpútà yẹn, ṣé ó pọn omi níbẹ̀ rí?”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, àyàfi òun. Mo wá fi ìka hàn wọ́n. Ní ìlà kìíní, apá kan náà ni òjìji gbogbo ilé ṣubú sí. Ní ìlà kejì, òjìji ṣubú sí apá kejì. Mo ní oòrùn mélòó ló ń ràn nílùú yìí? Bàálù yẹn máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Nígbà tó bá ń bọ̀, orí fọ́tò náà á yí padà. Ẹ̀yin ń wo ìwé tí wọ́n kọ sétí rẹ̀, ẹ sì ń gbé gbogbo wọn dúró bí ìwé náà ṣe dúró. Èmi tí mi ò mọ̀wé, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ẹ ti dorí ìlà yìí kodò.

Ọ̀gá mú fọ́tò kan ní ìlà kejì, ó yí i po, ó gbé etí rẹ̀ lé ìlà kìíní. Táǹkì bọ́ sórí táǹkì bí ìdérí ṣe ń bọ́ sórí ìkòkò. Ọ̀gbẹ́ni Kọ̀ǹpútà di orí mú, nítorí iṣẹ́ oṣù méjì ló dorí kodò yẹn. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí ayé ti rí èmi àti ìdùnnú pa pọ̀.

Àṣé ara mi ni mò ń gbẹ́lẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n yí gbogbo ìlà náà tán, wọ́n ní kí n máa dárúkọ ohun tí mo bá rí. Mo rí ojú irin àti ibi tó ti tẹ̀. Mo rí igi ńlá ìkóríta, níbi tí aránṣọ obìnrin ń jókòó sí báyìí. Mo fi ìka ka àwọn ojúlé láti ìdí igi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sí ilé kan níbẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí mo ka ti ilé mi, nǹkan dúdú kan wà níbẹ̀, ó ń dán bí ojú. Mo ní fọ́tò yìí ti lábàwọ́n. Ọ̀gá ní rárá, omi ni. Nígbà tí ìlà náà ṣì dorí kodò, ẹ̀yìn odi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé, ni omi yẹn wà. Èmi ni mo yí i, mo sì yí i sábẹ́ ilé ara mi.

Ọ̀gá gbé dígí olójú méjì kan wá, ó to fọ́tò méjì sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n bojú wò ó. Kòwọ́, ilẹ̀ dìde! Táǹkì dìde dúró, igi dìde, òrùlé ga ju ilẹ̀ lọ. Ohun dúdú yẹn nìkan ló wọlẹ̀ lọ. Kòtò ni. Wọ́n gé etí rẹ̀ tọ́ọ́rọ́, wọ́n sì sá bíríkì lọ rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ bíríkì ni. Ọ̀gá wọ̀n ọ́n, ó ní láti etí rẹ̀ dé ojú omi nìkan ti ju ìdúró ènìyàn lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó kù lábẹ́ omi. Ẹnì kan ló da ìdọ̀tí kún un, tó fi ilẹ̀ pupa bo ojú rẹ̀, tó wá tà á fún èmi ọlọ́gbọ́n.

Mo fẹ́ sọ èyí tó kù, mo sì fẹ́ kí ọmọ mi kọ ọ́ bó ṣe jẹ́, kó má ṣe bo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a gbẹ́ ìpìlẹ̀, a gbẹ́ dé orúnkún, a kan ilẹ̀ pupa. Ìwọ ní kí a gbẹ́ sí i, pé ọwọ́ rẹ sọ fún ọ pé ilẹ̀ yẹn rọ̀ jù. Èmi ni mo ní ó ti tó, nítorí òjò ń bọ̀. Mo rántí i ní ọjọ́ tí mo wá bú ọ. Mo ń rántí i lójoojúmọ́. Ìdí tí mo fi ń pariwo lé ọ lórí nìyẹn, kí n má baà gbọ́ tara mi. Ọ̀gá ní bí a tilẹ̀ gbẹ́ dé àyà, a kò ní kan ilẹ̀ gidi. Ó dáa, mo gbọ́. Àmọ́ mi ò mọ ìyẹn nígbà tí mò ń bà ọ́ lórúkọ jẹ́.

Mo tẹ ojú mọ́ dígí yẹn títí. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ọ̀gá rọra gba fọ́tò lábẹ́ ọwọ́ mi, ó ní kí n má bínú, omi kò gbọdọ̀ kàn án. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń sunkún. Mi ò sun ún nígbà ìsìnkú. Ìbọ̀wọ́ funfun yẹn ni mo fi nu ojú.

Àwọn awọnlẹ̀ ti wá síbí, wọ́n fi irin gígùn gún ilẹ̀. Ilé márùn-ún ló wà lórí kòtò náà. Wọ́n ti fi hàn lórí àwòrán ilẹ̀ tuntun, kò sẹ́ni tó tún lè tà á gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ líle. Ògiri ẹ̀yìn ilé aránṣọ, ọ̀kan nínú márùn-ún náà, ti lanu, aláǹgbá ti ń wọlé tó ń jáde, òun náà sì ti ń ṣépè fún bíríkìlà tirẹ̀. Ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ sí yàrá iwájú báyìí. Mo jókòó síwájú ilé wọn títí ó fi kó ibùsùn tó gbẹ̀yìn. Ọmọ mi ní ká ní a kò yí ìlà yẹn po, òjò ọdún yìí ì bá bá wọn níbẹ̀.

Mo tún lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ àtijọ́. Mo dúró níbi tí mo ti bú ọ gan-an, mo pe gbogbo àdúgbò jáde, mo ní irọ́ ni mo pa, pé ògiri Kòwọ́ kò wọ́, ilẹ̀ ló jẹ̀bi, èmi náà sì jẹ̀bi. Onígbàjámọ̀ ní, “Bàbá, ẹ kúkú pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé.” Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní ẹyin ni ohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bíríkìlà ni wá. Èyí tó wó la máa ń tún mọ.

Àwọn awọnlẹ̀ ní kí a wó ìyókù yàrá ẹ̀yìn kúrò, kí a ri òpó mọ́lẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀ gidi, kí òjò tó dé. Bíríkìlà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gbẹ́lẹ̀ dé orúnkún, ó nàró, ó ní, “Bàbá, ó ti tó.” Mo lé e. Ọmọ mi ní mo ju bàtà tẹ̀ lé e. Ó ṣeé ṣe.

Ẹni tí yóò sọ pé kí a gbẹ́ sí i ni mò ń wá. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Bí orúnkún rẹ kò bá lè wọ kòtò, jókòó létí rẹ̀ kí o máa pàṣẹ. Okùn ìwọ̀n rẹ ṣì wà lórí ìṣó tí o gbé e kọ́, mi ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Lánàá, ọmọ mi sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iwájú tí ìwọ mọ. Kò yà kúrò lára ògiri náà tó ìbú èékánná.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, ẹni tó máa ń pè mí ní Olórí-líle. Sọ fún un pé orí ti ń rọ̀. Kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ẹni tó ka lẹ́tà yìí fún ọ. Ó kú làálàá. Bí o kò bá fẹ́ wá, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ títí oṣù yìí yóò fi parí.

Èmi náà ni, tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ mi.

Àtàǹpàkò mi rèé nísàlẹ̀. Ọmọ mi ní kò hàn dáadáa. Sìmẹ́ńtì ti jẹ ojú rẹ̀ bó ṣe jẹ tìrẹ. Gbé tìrẹ lé e, wàá mọ̀ pé èmi ni.