Ìbọ̀sẹ̀ Tí Mo Fi Parọ́

Ọjọ́ Ajé, 6 Máàṣì 1989
Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ti dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yìí, ẹ̀rọ méjì ni mò ń dá ṣọ́. Wákàtí méjìlá lórí ìdúró. Iṣan ẹsẹ̀ mi wú, ó lọ́ bí okùn. Nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wa — Sista Téèpù ni mò ń pè é nínú ìwé yìí — fi téèpù wọn ẹsẹ̀ mi lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní tí mẹ́wàá bá jẹ́ ìrora tó le jù, mélòó ni tèmi? Mo ní méje. Ó fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan, ó le, ó ń fún ẹsẹ̀ pinpin. Mọ́ńdè Mọ́ńdè ni yóò máa wọn ẹsẹ̀ àwa mẹ́wàá tó fún láti dán an wò, bóyá wíwú á lọ sílẹ̀. Tó bá ṣiṣẹ́, ọ̀gá á rà á fún gbogbo òṣìṣẹ́.

Ìṣẹ́gun, 7 Máàṣì
Múdàṣírù, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, rí ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ní ti obìnrin ni. Ó bi mí pé ilé ọkọ wo ni mò ń lọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ ọ, mo jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé.

Ajé, 13 Máàṣì
Mo sọ fún Sista pé ìrora ti wálẹ̀ sí márùn-ún. Irọ́.

Ajé, 20 Máàṣì
Mo ní mẹ́ta. Ìwọ̀n téèpù ò yí padà. Sista wo ìwé, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé, ṣé ẹ̀ ń wọ̀ ọ́?" Mo ní lójoojúmọ́.

Ọjọ́rú, 22 Máàṣì
Ìbọ̀sẹ̀ náà wà lẹ́sẹ̀ Rónkẹ́ ìyàwó mi. Ilé búrẹ́dì ní Oju Ore ló ti ń ṣiṣẹ́, orí ìdúró lòun náà. Ó rí i níbi tó ti ń gbálẹ̀, ó rò pé mo rà á fi ya òun lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀, ó ní mo ṣeun tí mo rí ẹsẹ̀ òun. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún mi.
Mo ṣe àmín.

Àbámẹ́ta, 1 Épírì
Egbò ọrùn ẹsẹ̀ Rónkẹ́ ti ń gbẹ. N ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó légbò.

Ajé, 3 Épírì
Ẹsẹ̀ mi tún wú sí i. Sista ní ìwé tèmi ló máa ba iṣẹ́ òun jẹ́ — ìrora ń lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ń wú. Ọ̀gá á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4 Épírì
Mo mú Rónkẹ́ lọ bá Sista. Lójú àwọn méjèèjì ni mo jẹ́wọ́: n ò wọ̀ ọ́, n ò sì rà á. Rónkẹ́ ò wò mí. Sista yọ ìwé mi sọ́tọ̀, ó mú òmíràn, ó kọ orúkọ ìyàwó mi sí i.
Ó bi í pé mélòó ni ìrora. Rónkẹ́ ní mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀, mẹ́rin báyìí.
Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?
"Ìgbà oyún Ṣọládé, Sista."
Ṣọládé ni àkọ́bí wa. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá.