Páìpù Èédú àti Ẹsẹ̀ Jésùtófínmi

Gbémisọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni Èkó wà? Olúwa tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ ọ, o kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àwa náà wà ní Odode níbí, òjò ni kò jẹ́ kí kòkó gbẹ, Wàsíù tó ń bá wa roko sì ní kí n kí ọ.

Nígbà tí o sọ lórí fóònù pé àbùkù ara páìpù èédú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ niṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní yunifásítì, mo sunkún. Mo ní ọmọ tí mo fi kòkó rán nílé ìwé, àbùkù èédú ni wọ́n gbé lé lọ́wọ́! Mo sáré lọ bá Wòlíì Olútìmẹ́hìn, ó kéde ààwẹ̀, gbogbo wa wọ sùtánà, a tan àbẹ́là, a ń pariwo kí gbogbo àbùkù páìpù Gbémisọ́lá pòórá. Wòlíì tilẹ̀ ní òun rí páìpù náà lójú ìran, ó ń dán gbinrin.

Àfi ìgbà tí mo ròyìn fún ọ tí o bú sẹ́rìn-ín. O ní ká jọ̀ọ́ má gbàdúrà bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹ̀yin gan-an lẹ ń fi àbùkù sí i, pé ojú àbùkù yẹn ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, òun sì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe kọ̀ǹpútà ọjọ́ iwájú.

Ẹnu yà mí. Àwa níbí, tí a bá sá kòkó, a máa ń ṣa èyí tó bàjẹ́ dànù kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò má baà dá àpò wa padà. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni o ṣe ṣa Jésùtófínmi sílẹ̀ fún mi látọjọ́ tí o ti bí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. N kò bá ọ wí, mo ní bóyá Èkó kì í gba ohun tó lábùkù ni.

Inú ń bí mi, Gbémisọ́lá. Hàfsátù ọ̀rẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ pè mí, ó ní àbúrò rẹ tí ẹsẹ̀ ń yọ lẹ́nu ńkọ́. Àbúrò! Ọmọ náà jókòó tì mí, ó gbọ́. Ó bi mí pé ṣé màmá òun kì í ṣe màmá òun mọ́ ni.

O ní kí n fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kí o lè ra bàtà. Mo ní kó fi ẹsẹ̀ tẹ fóònù mọ́lẹ̀ dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́ títí ojú fóònù fi fọ́, ìwọ tún ní o kò rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ yẹn kan náà ló fi gun Òkè Ìdànrè dókè pẹ̀lú àwọn ará kíláàsì rẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígún jókòó sọ́nà tí wọ́n ń mí hẹlẹ.

Nítorí náà, fi owó fóònù mìíràn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi bàtà rán ẹnikẹ́ni. Gbé e wá fúnra rẹ. Mú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń rí ohun tó tín-ín-rín ju irun lọ dání. Jésùtófínmi ti ga dé èjìká mi báyìí, bóyá wà á rí i níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Wà á dàgbà, wà á darúgbó, Jésùtófínmi kò sì ní pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ alẹ́ rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ.